Rédíò ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ ni, àbí sípíkà? Owó mi ò ká méjèèjì

Olùbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọkọ̀ mi ti pé ọdún 15, rédíò tó bá a wá ló ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ń gba síìdì, ó ń gba FM, àmọ́ kò ní Bluetooth. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó wà níwájú lọ́wọ́ ọ̀tún ti ń han, bí mo bá sì gbé ohùn sókè díẹ̀, á máa gbọ̀n rìrì. Wákàtí mẹ́ta ni mò ń lò nínú ọkọ̀ yìí lójúmọ́, orin nìkan ni mo sì ń bá rìn.

Owó tí mo kó jọ kò lè ra rédíò gidi àti sípíkà mẹ́rin pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra rédíò ojú gbàgàdà tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, pé gbogbo ohùn á yí padà. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo sì lè fi ọwọ́ ara mi ṣe é? Mi ò tú ilẹ̀kùn ọkọ̀ rí.

Rẹwáyà Àgbà

Àbúrò, sípíkà ni. Bébà ni wọ́n sábà fi ń ṣe ojú èyí tó ń bá ọkọ̀ wá, fóòmù ni wọ́n sì máa ń fi yí etí rẹ̀ ká. Ooru àti ọ̀rinrin inú ilẹ̀kùn á máa jẹ fóòmù yẹn díẹ̀díẹ̀ títí tí á fi ya. Ó jọ pé ohun tó ṣe èyí tó ń han yẹn nìyẹn. Kò sí rédíò tó lè rán an.

Má ra mẹ́rin. Ra méjì, fi wọ́n síwájú níbi tí ìwọ fúnra rẹ jókòó sí. Ti ẹ̀yìn ò ní ṣe ju kó máa kùn lẹ́yìn orí rẹ lọ. Sípíkà méjì tó dáa sàn ju mẹ́rin tí kò níláárí lọ.

Wọn ihò kí o tó ra. Ínǹṣì 6.5 wọ́pọ̀, 5.25 wà, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì ń gba 6x9 tó rí bí ẹyin. Wọn jíjìn rẹ̀ náà. Sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀ pátápátá kí o tó wọ̀n ọ́n, torí bí mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà bá gùn jù, gíláàsì á máa gbá a ní gbogbo ìgbà tí o bá ṣí fèrèsé.

Ìyá Olórin

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Kí n fi èyí kún un: ẹ má gba 300 watt tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí gbọ́. RMS ni kí ẹ wá, ìyẹn agbára tó lè gbé láìdúró. Rédíò tí wọ́n kọ 50 x 4 sí lára gan-an, nǹkan bíi 15 sí 22 watt ló ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní tòótọ́. Nítorí náà, bí ẹ ò bá ní amp, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn, sensitivity ni kí ẹ wò, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dún sókè tó lórí agbára kan náà. dB, ìwọ̀n ìdún ohùn, ni wọ́n máa ń fi kọ ọ́. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 88 dB tí èkejì jẹ́ 91, ti 91 yẹn máa dún bí ẹni pé ẹ sọ agbára rédíò di ìlọ́po méjì.

Ẹ wo ohm náà, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Mo ti jìyà èyí rí. Mo ra sípíkà 2 ohm torí pé ó dún kíkankíkan nígbà tí wọ́n dán an wò fún mi. 4 ohm ni ìwọ̀n tó kéré jù tí rédíò mi lè gbé. Bí ó bá ti gbóná, á kú lójijì láàárín orin. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé sípíkà ló fà á.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹni tí kò ní Bluetooth, níbo ni yóò ti máa gbọ́ orin orí fóònù rẹ̀? Bí ó bá lọ lo èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò ìtanná sìgá tó ń sọ orin di FM, ariwo ni yóò máa gbọ́ lórí sípíkà tuntun.

Rédíò kékeré tó ní Bluetooth àti USB tó. Ojú gbàgàdà yẹn kì í mú ohùn dára, gíláàsì lẹ ń san owó rẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní high-pass, kí ẹ lè gé bàásì tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò fún sípíkà kékeré. Ohùn á mọ́, sípíkà á sì pẹ́. Ìwọ̀n ihò rédíò, DIN ni wọ́n ń pè é, láti Jámánì ló ti wá: ẹyọ kan jẹ́ mìlímítà 180 sí 50, onílọ̀ọ́po méjì jẹ́ 180 sí 100. Kí ẹ sì ra wáyà àsopọ̀ tó bá ọkọ̀ yín mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé wáyà tó bá ọkọ̀ wá!

Rẹwáyà Àgbà

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín. Àbúrò, wo iwájú rédíò rẹ, ṣé o rí ihò tí wọ́n kọ AUX sí?

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ó wà níbẹ̀! Mi ò fi ojú sí i rí.

Rẹwáyà Àgbà

Ó parí nìyẹn. Ra Bluetooth kékeré tí wọ́n ń kì bọ AUX, rédíò á dúró dìgbà mìíràn.

Ilẹ̀kùn títú kò le, sùúrù ló gbà. Bí rédíò rẹ bá ń béèrè kóòdù, wá kóòdù náà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni kí o tú nẹ́gátíìfù bátìrì. Bóòtù máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ibi tí a ń fọwọ́ fà àti lábẹ́ ike kékeré ẹ̀gbẹ́ díńgí. Tú wọn tán kí o tó fa ohunkóhun. Ra kílíìpù ike díẹ̀ pamọ́, torí ó dájú pé ọ̀kan á kán.

Má jẹ́ kí nẹ́gátíìfù sípíkà kan bọ́dì ọkọ̀ láéláé. Kì í ṣe bọ́dì ni rédíò òde òní ń dá iná padà sí, rédíò náà lè jóná. Bí o ò bá mọ èwo ni pọ́sítíìfù lára sípíkà, fi bátìrì kékeré 1.5 volt kàn án fìrí: bí ojú rẹ̀ bá yọ síta, ibi tí orí bátìrì kàn ni pọ́sítíìfù.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe ni mo fẹ́ kí o ṣe: dí àwọn ihò ńlá inú páànù ilẹ̀kùn, kí o sì fi fóòmù yí etí sípíkà ká. Ohùn tó ń jáde lẹ́yìn sípíkà máa ń pa tiwájú, bàásì ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Butyl, rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀, ni kí o lò, má lo ọ̀dà tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Bí oòrùn bá mú un, á máa yọ́ á sì máa rùn. Má sì dí ihò omi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kó má baà dógùn-ún.

Olùbéèrè

Mo ti ṣe é o! Ọjọ́ Sátidé gbáko ló gbà mí, kílíìpù mẹ́ta kán. 6.5, 4 ohm, 91 dB ni mo rà. Fóòmù èyí tó ń han ti fọ́ sí ìyẹ̀fun lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tàn án, ohùn mọ́ gaara, àmọ́ bàásì ò sí, àyà mi já. Mo yí ohùn sí apá òsì nìkan, bàásì dé. Mo yí i sí ọ̀tún, ó dé. Bí mo bá dá a padà sí àárín, á tún lọ. Mo rántí ọ̀rọ̀ bátìrì 1.5 yẹn, mo tún ilẹ̀kùn ọ̀tún tú: mo ti gbé pọ́sítíìfù sí ipò nẹ́gátíìfù. Mo yí i padà, mo jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí kan láìlọ síbì kankan.

Mo ti pa ti ẹ̀yìn. Mo tún ti wọn ojú rédíò, 180 sí 100 ni. Bí owó bá tún jọ, mo ń bọ̀ wá bi yín léèrè èyí tó yẹ kí n rà.