«Òṣùwọ̀n àbájáde» ni, kì í ṣe «ìwọ̀n ìwòsàn»

Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìwádìí ìṣègùn, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá ìtọ́jú iṣan ejìká yọrí sí rere ní «ìwọ̀n ìwòsàn». Mo tọrọ gáfárà, n kò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ oníṣègùn ni ìwòsàn. Ibi tí apá aláìsàn dé lẹ́yìn iṣẹ́ náà ni a fẹ́ wọ̀n, àbájáde sì nìyẹn.

«Ìwọ̀n» náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní Ọjà Odò-Ògbè níbí ní Ilé-Ifẹ̀, kóńgò ni òṣùwọ̀n, ìrẹsì ni ohun tí à ń wọ̀n, iye kóńgò tó jáde ni ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ìwádìí: OMERACT, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùwádìí àrùn oríkèé àti iṣan, tó ti wà láti 1992, máa ń kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tó yẹ kí gbogbo ìwádìí wọ̀n (ní ti ejìká, ìrora, ìlò apá, ojú tí aláìsàn fi wo ara rẹ̀ àti ìpalára tí ìtọ́jú fà wà lára wọn) kí wọ́n tó mú irinṣẹ́ tí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n. Bí a bá pe méjèèjì ní ìwọ̀n, ta ni yóò mọ ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí? Nítorí náà, «ohun-wíwọ̀n» fún ti àkọ́kọ́, «òṣùwọ̀n» fún irinṣẹ́.

Ẹ tún jẹ́ kí a ṣọ́ra fún «máàkì». Òṣùwọ̀n Constant ti 1987, tí a fi ń mọ bí ejìká ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, ní máàkì 100: ìrora gba 15, iṣẹ́ ojoojúmọ́ 20, ibi tí apá lè nà dé 40, agbára 25, ẹni tó gba 100 ni ara rẹ̀ le jù. DASH ti 1996, tó jẹ́ ìbéèrè 30 nípa apá, ejìká àti ọwọ́ tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń dáhùn, yí i padà: òdo ló dára, 100 ni ìnira tó ga jù. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gba máàkì 100 ti yege, kò sí àlàyé tí yóò tètè pa èrò yẹn rẹ́. «Iye ìnira» ni mo máa kọ fún ti DASH.

«Ìrora» pàápàá kò kárí. Nígbà tí mo bi àbúrò ìyá mi bóyá ejìká rẹ̀ ń ro ó, ó ní rárá. Ó gbé ọwọ́ bí ẹni fẹ́ wé gèlè, ó dá a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó ní: «Kò ro mí, ó ń ta mí ni.» Ìbéèrè tó bá dá «ríro» nìkan mẹ́nu kàn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò ní ìrora kankan. Kí ìbéèrè náà ka ríro, títa àti dídùn pọ̀.

Ó ku «iṣan», tí a ń lò fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ àti fún ẹran ara tó ń fa eegun. Èyí tó so ẹran ara náà mọ́ eegun ejìká, «okùn iṣan» ni mo dábàá. Bí alápatà kan bá ní orúkọ tó dára jù fún okùn funfun tí ọ̀bẹ kì í tètè gé lẹ́sẹ̀ màlúù, mo ṣetán láti ju tèmi sílẹ̀.