Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kó àjọ, onílé ni àbí ogúnléndé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Agùnbánirọ̀ ni mí, Ògójà ní Ìpínlẹ̀ Cross River ni wọ́n gbé mi sí, lẹ́bàá Adagom, ibùdó tí wọ́n ṣí ní 2018 fún àwọn ogúnléndé tó sá fún ogun ní Kamẹrúùnù.

Obìnrin 12 ni mo kó jọ, ká lè máa dá àjọ: ogúnléndé 5, ọmọ ìlú 7. Píjìn la jọ ń sọ, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́sẹ̀. Ìyá kan láti Kamẹrúùnù máa ń di owó tirẹ̀ mọ́ etí ìró. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kà á kó tó fi lé mi lọ́wọ́. Kò tíì jẹ ọ̀sẹ̀ kankan rí.

Ibi tó ti dojú rú nìyí. Àwọn onílé ní bí àlejò bá kọ́kọ́ kó, tí ọ̀nà ilé wá là, ta ni yóò dá ìyókù? Mi ò lè dá wọn lẹ́bi, òógùn ojú wọn ni. Ṣùgbọ́n ìyá yìí fẹ́ fi tirẹ̀ yá ilẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ kí òjò tó dá. Bó bá gbẹ̀yìn, ọdún yìí ti lọ nìyẹn.

Ṣé ká ṣẹ́ gègé ni? Àbí kí onílé kan ṣe onídùúró fún àlejò kọ̀ọ̀kan? Ẹni tó bá ti darí irú àjọ báyìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é fún mi. Sátidé la ó tún pàdé.