Fọ́tò ìgbéyàwó: ká tò fún kámẹ́rà ni, àbí kí wọ́n máa yà wá bá a ṣe ń ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìgbéyàwó wa ń bọ̀ ní Ìbàdàn nínú oṣù Kejìlá: ìdána lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé. Àfẹ́sọ́nà mi ní candid lòun fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má wá máa sọ "ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ wo ibí" fún òun. Màmá mi ní bí òun àti ẹgbẹ́ òun ò bá tò pẹ̀lú aṣọ ẹbí wọn, kí la wá rà á fún? Èwo ni ká mú?

Ìyá Ìbejì: Ti màmá ẹ ni kó o kọ́kọ́ ṣètò. Candid nìkan ni wọ́n yà níbi ìgbéyàwó àbúrò mi. Èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ti dọ̀bálẹ̀ dùn-ún wò gan-an, ẹnì kan ń yọ́jú wo alága bóyá ó ti ní kí wọ́n dìde. Àmọ́ bàbá wa àgbà, ibi tí wọ́n ti ń jẹ àmàlà nìkan la ti rí ojú wọn.

Ayàwòrán Mọ́kọ́là: Aago ló ń pinnu ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí wọ́n bá ń wé gèlè, ẹ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kí wọ́n pa iná yàrá. Ìmọ́lẹ̀ ìta ti tó, kí ẹnì kankan má sì pe ìyàwó. Ìwé ìtọrọ tí wọ́n ń kà, fìlà tí ìyàwó ń dé fún ọkọ, Bíbélì tó ń mú nínú ẹrù ìyàwó, ẹ ò lè ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí wọ́n bá tún un ṣe, ẹ̀rín ẹ̀tàn lẹ máa rí.

Ti ẹbí ńkọ́? Bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ yà á, àwọn àgbà ṣáájú. Tí wọ́n bá fi lè dé gbọ̀ngàn, tí oúnjẹ dé, kò sẹ́ni tó máa dìde mọ́. Ẹ wá ẹnì kan nínú ẹbí kọ̀ọ̀kan tó mọ ojú èèyàn, tó sì lóhùn, kó máa pè wọ́n. Èmi ò mọ bàbá àgbà yàtọ̀ sí àlejò. Ẹ má sì tò sínú oòrùn ọ̀sán: òjìji gèlè á bo ojú gbogbo yín. Abẹ́ igi tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáa jù. Ẹ tún bẹ DJ kó fi iná funfun sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń jó wọlé, torí iná aláwọ̀ yẹn máa ń sọ aṣọ òkè funfun di aró.

Àbúrò Ọkọ: Candid ẹlòmíì, póòsì tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má wo kámẹ́rà ni. Ẹ ní kí ayàwòrán yín fi ìgbéyàwó kan hàn yín látòkè délẹ̀, kì í ṣe àwọn àṣàyàn tó wà lórí Instagram.

Bàbá Adúgbò: Láyé tiwa, wàá jókòó, wàá gbé ọwọ́ lé itan, wàá tẹ aṣọ rẹ sílẹ̀ dáadáa, wàá sì wo kámẹ́rà tààrà. Èyí tá a gbé kọ́ sí pálọ̀ nìyẹn. Candid yín, inú fóònù ló ń gbé.

Ìyàwó Ọ̀la: Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Màmá mi ti kọ ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá sílẹ̀ báyìí.

Ayàwòrán Mọ́kọ́là: Ẹ bẹ̀ wọ́n kó di mẹ́fà. Ẹgbẹ́ tó kù, orí tábìlì wọn ni mo máa bá wọn.