Ìpèkúpè ni mo fara mọ́: èsì sí àríyànjiyàn lórí orúkọ tí a ó fún ìpè ojú títì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò èdè, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe ìwà ọkùnrin tó jókòó sí ẹ̀bá títì, tó rí obìnrin tí kò mọ̀ rí tó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé sí i, tó ń pè é ní "bébì" tàbí "orobó", tó sì ń sọ̀rọ̀ ìdí tàbí àyà rẹ̀ létí gbogbo ayé. Olùkọ́ kan láàárín wa láti Ẹ̀pẹ́ dábàá "ìdẹnukọ ojú títì". Ẹlòmíràn sọ pé "ìyọlẹ́nu ní gbangba" ti tó, pé kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ tuntun kiri. Ẹnì kẹta, tí mo rò pé àwàdà ló ń ṣe, ní kí a kúkú tú catcall, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un, bó ṣe wà, kó di "ìpè ológbò". Èmi dábàá "ìpèkúpè", àwọn kan sì ti tako ó. Mo fẹ́ sọ ìdí tí mo fi dúró lórí rẹ̀.

Ti ológbò kò le rárá. Fèrè kékeré kan tó ń dún bí igbe ológbò ni àwọn òǹwòran máa ń fọn nílé eré ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún láti fi bú òṣèré tí eré rẹ̀ kò dùn mọ́ wọn, ibẹ̀ ni catcall ti ṣẹ̀ kí ó tó ṣí wá sórí obìnrin tó ń rìn lọ. Ìtàn yẹn dára fún àwọn tó ni ín. Bí a bá sọ "ìpè ológbò" fún ìyá oníṣòwò kan ní Sábó níhìn-ín ní Ìkòròdú, ológbò rẹ̀ ni yóò máa wá.

"Ìdẹnukọ" ló yẹ kí a ṣọ́ra fún jù, nítorí pé àwọn tó ń hu ìwà yìí gan-an ni yóò kọ́kọ́ gbà á tayọ̀tayọ̀. Bí ẹ bá bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ohun tó ń ṣe, yóò ní òun kàn ń dẹnu kọ ọmọge ni, ṣé ìyẹn náà ti wá di ẹ̀ṣẹ̀? Ṣùgbọ́n ìdẹnukọ ní ìlànà nínú àṣà wa. Alárinà ló máa ń lọ tó máa ń bọ̀ láàárín ilé méjì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti wádìí ìwà àti ìdílé, kí ó sì máa gbé ọ̀rọ̀ dé etí ọmọbìnrin náà pẹ̀lú ọgbọ́n. Ọmọbìnrin náà á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó wò, ọjọ́ tó bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà ni à ń pè ní ìṣíhùn tàbí ìjọ́hẹn, tí ọkùnrin náà á fi ẹ̀bùn tàbí owó sàmì sí. N kò sọ pé ayé àtijọ́ dára tán, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn òbí ti parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi ọmọ léèrè. Síbẹ̀, àṣà náà mọ̀ pé ohùn kan wà tí a gbọ́dọ̀ dúró gbọ́, ó tilẹ̀ fún ohùn náà lórúkọ. Ta ló ń dúró gbọ́ ìṣíhùn lẹ́bàá títì? Bí obìnrin náà bá dákẹ́, ìyìn yóò ti di èébú kí ó tó kọjá ṣọ́ọ̀bù kejì: ẹni tí wọ́n pè ní arẹwà lẹ́ẹ̀kan ti di onígbèéraga, ó ti di aṣẹ́wó, wọ́n sì ti ń bi í pé kí ló tilẹ̀ fi ń yangàn. Bí a bá fi ìdẹnukọ sọ orúkọ ohun tó ń parí báyìí, àwa fúnra wa ni a bá wọn wá àwáwí.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì mẹ́nu bà, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ. Ọkùnrin tó fẹ́ béèrè ọ̀nà Ìgbógbó lọ́wọ́ obìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tí kò mọ̀ rí yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ bá mi júwe ọ̀nà." Ọkùnrin kan náà, bó bá fẹ́ pè é ní irú ìpè tí à ń sọ yìí, "ẹ" á pòórá lẹ́nu rẹ̀: "Bébì, wá." "Ìwọ aláṣọ pupa." "Ṣé o ò gbọ́ mi ni?" N kò tíì gbọ́ ẹni tó fi "ẹ" ṣe é rí. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ máa pe ọmọ ọlọ́mọ ní Àdùkẹ́ tàbí Àṣàkẹ́, oríkì tí àwọn tó tọ́ ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi kẹ́ ẹ, bí ẹni pé ilé wọn ni wọ́n ti bí i.

Nítorí náà, arákùnrin tó kọ̀wé pé a fẹ́ sọ ìkíni di ẹ̀ṣẹ̀ lè fọkàn balẹ̀. Ó ní Yorùbá ni wá, pé a máa ń kí ẹni tí a kò mọ̀ ní "ẹ kú ìrìn" àti "ẹ kú oòrùn", pé bí a bá fòfin de ìyẹn, kí ló kù nínú ọmọlúàbí? Òótọ́ ló sọ nípa ìkíni. Ṣùgbọ́n "ẹ kú ìrìn" kò béèrè ju "o o" lọ, tọkùnrin tobìnrin ni à ń kí i fún, a sì ń kí i fún ìyá arúgbó tó ń ti ọjà bọ̀ ní ohùn kan náà tí a fi ń kí ọmọge. Kí ẹni tó bá ń ṣe iyèméjì ronú bóyá ohun tó fẹ́ sọ ṣeé sọ fún ìyá arúgbó yẹn. Ti àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń pe ọmọdékùnrin ní "ọkọ mi", tí wọ́n ń pe ọmọbìnrin tó wá ra ata ní "ìyàwó mi", yàtọ̀ pátápátá, ẹ má jẹ́ kí a dà á pọ̀ mọ́ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. A ní ìṣekúṣe, a ní ìsọkúsọ, a ní ìjẹkújẹ. Kò sí àbùkù nínú ṣíṣe tàbí sísọ tàbí jíjẹ, "kú" tó wà láàárín ló ń sọ pé wọ́n ṣe é níbi tí kò yẹ tàbí lọ́nà tí kò yẹ. Ẹnì kan rán wa létí pé "ẹnikẹ́ni" àti "ibikíbi", tí a dá lọ́nà kan náà, kò ní ẹ̀gàn nínú, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí a bá ti ara ọ̀rọ̀ ìṣe dá irú orúkọ yìí, ẹ̀gàn ló sábà máa ń gbé wá. Ìpè wà tó jẹ́ iṣẹ́ ẹni. Agbèrò tó ń pariwo "Kẹ́tu, Máìlì Méjìlá, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ" ń jẹun lórí ìpè ni, a kò sì lè bá a wí. Bó bá wá gbé ohùn kan náà kúrò lórí ọkọ̀, tó gbé e lé ara obìnrin tí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ rẹ̀, ìpè ti di ìpèkúpè. Mo ti ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì BRT ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìkòròdú sí Máìlì Méjìlá ní ọdún 2015, ìdí ìlà tí a ti ń tò wọ ọkọ̀ náà máa ń parọ́rọ́ ju ìdí dánfó lọ, bóyá nítorí pé kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pe èrò níbẹ̀.

Onímọ̀ ìró èdè kan láàárín wa sọ pé "pè" náà ni à ń lò fún bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu, pé ẹni tó bá gbọ́ "ìpèkúpè" lè rò pé ẹni tí kò mọ ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ni à ń bá wí. Àtakò tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n a ti ní "àṣìpè" fún ìyẹn, ó sì dọ́gba pẹ̀lú àṣìsọ àti àṣìkọ. Ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ pè ṣe àṣìṣe, onípèkúpè kò ṣe àṣìṣe kankan, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Àwọn tó fara mọ́ "ìyọlẹ́nu ní gbangba" ní ìdí tó lágbára jù. Wọ́n ní ìpèkúpè kò kó títẹ̀lé ènìyàn, fífà lápá àti fífọwọ́ kan ara mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì fẹ́ kí ó kó wọn mọ́ra. Kí ìyọlẹ́nu ní gbangba jẹ́ orúkọ àgbájọ, kí ìpèkúpè jẹ́ ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń lo eve-teasing, orúkọ tó dà bíi pé wọ́n kàn ń bá ọmọ Éfà tàkúrọ̀sọ, fún ohun gbogbo láti orí súfèé títí dé orí ìkọlù. Ní ọdún 1998, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kú ní ìlú Chennai lẹ́yìn tí àwọn ọkùnrin yọ ọ́ lẹ́nu lójú títì, ìpínlẹ̀ Tamil Nadu sì gbé òfin jáde tó kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ yẹn, kí wọ́n tó wá yí i padà sí orúkọ tó sọ ojú abẹ níkòó. Àwọn ará Philippines gba ọ̀nà mìíràn. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2019, tó de súfèé àti irú ìpè báyìí ní òpópónà, ní orúkọ gígùn nínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n Bawal Bastos ni àwọn aráàlú ń pè é, tó túmọ̀ sí pé èèwọ̀ ni ìwà àìmọ̀wàáhù. Bastos jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá lè fi bá ọmọ rẹ̀ wí nínú ilé. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá fún wa, ìdí sì nìyí tí ìbátan ìṣekúṣe fi tẹ́ mi lọ́rùn ju gbólóhùn tó ń rùn bí ìwé agbẹjọ́rò.

Ní ti òfin tiwa, òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sórí ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ni àlàyé inú rẹ̀ dojú kọ. Ẹ̀bá títì kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Mo fura pé ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni pé, fún ìgbà pípẹ́, a kò kà á sí ohun tó nílò orúkọ. "Má wojú wọn, máa lọ" ni ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà nílé, àwọn obìnrin kan sì wà tí wọ́n máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọn ò bá pè ọ́ mọ́ ni kí o mọ̀ pé ọjọ́ ogbó ti dé. Ọ̀rọ̀ náà ti ń yí padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, àwọn obìnrin tò, wọ́n rìn wọ ọjà Yábàá lọ láti tako àwọn oníṣòwò tó ń fà wọ́n lápá, tó ń bú wọn bí wọn kò bá dúró rajà. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí mo ń rí ní Ògólóńtó àti ní Sábó kì í wojú ilẹ̀ mọ́ bíi tiwa, wọ́n á yíjú padà, wọ́n á béèrè pé ta ló ń bá wí, òmíràn á sì ti na fóònù sí i. Kì í ṣe gbogbo wọn. Ọ̀kan sọ fún mi pé òun kò rí ibi nínú kí wọ́n yin òun. N kò bá a jiyàn lórí ìyìn, mo kàn bi í léèrè ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn tó bá ti kọjá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní òun kì í dúró gbọ́.

Ohun tó kù tí a kò tíì yanjú wá láti ọ̀dọ̀ arábìnrin wa ní Àgbádárìgì, tó béèrè bóyá a lè lo ọ̀rọ̀ yìí lórí pátákó ìkìlọ̀ ní àwọn gáréèjì tó wà lọ́hùn-ún. Ègùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ níbẹ̀, n kò sì rò pé ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun dí ẹnu wọn. Kí ẹni tó bá gbọ́ Ègùn dáadáa láàárín wa bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta ọjà létí ọ̀sà ohun tí wọ́n ń pè é, kí ó sì kọ ọ́ síbí pẹ̀lú àmì ohùn.