Táyé á kọjá 131, Kẹ́hìndé wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Gbànja ni mò ń tà, torí náà ẹ má retí ọ̀rọ̀ akọ̀wé lẹ́nu mi. Àwọn ìbejì mi ti wà ní Primary 6. Táyé ni obìnrin, ìdánwò kì í bà á lẹ́rù rárá. Kẹ́hìndé kì í ṣe olódo o, ó kàn máa ń pẹ́ kí nǹkan tó yé e ni. Bó bá ti wá yé e, kò tún gbàgbé mọ́.

Gbogbo ilé ń sọ pé Federal Government College tó wà ní Òdógbólú ni kí n dojú kọ. Bàbá wọn ní tirẹ̀, Mayflower n'Ìkẹ́nnẹ́ ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ti Federal, nínú èyí tó jáde nínú ìwé ìròyìn ní 2013, 131 ni wọ́n ní kí ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn gbà nínú Common Entrance, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn yẹn kan náà, 4 ni wọ́n ní kí ọmọkùnrin Zamfara gbà, kí obìnrin wọn gba 2! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Táyé á kọjá 131. Kẹ́hìndé ní lẹ́sìnì, ọ̀sẹ̀ yìí 120, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ 134, ó tún padà sí 127.

Mo tiẹ̀ lọ wo ilé ìwé aládàáni kan. Wọ́n gbé pátákó ńlá síta pé gbogbo ọmọ àwọn ló yege WAEC. Mo bi wọ́n pé ọmọ mélòó lẹ gbà wọ JSS1 lọ́dún tí àwọn wọ̀nyí wọlé, mélòó ló kù tó jókòó ṣe WAEC? Ọkùnrin tó ń mú mi káàkiri bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n rà. Ẹni tó bá ti ṣa obì rí mọ ohun tí mò ń wí. Bí mo bá ti ṣa gbogbo èyí tí kòkòrò jẹ kúrò kí àwọn Hausa oníbàárà mi tó dé láti Sábó, gbogbo apẹ̀rẹ̀ ló máa dán. Ta ló máa mọ bí oko tó ti wá ṣe rí?

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń wò kí ẹ tó gbà pé ilé ìwé kan mọ̀ọ́yàn kọ́? Ṣé kí n ya ìbejì ni?

Bàbá Ṣọlá, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ má yà wọ́n o! Ta ló máa bá Kẹ́hìndé jẹ gàrí lálẹ́? Ẹ má sì gbàgbé pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, Táyé ló kàn rán wá tọ́ ayé wò. Ẹ jẹ́ kí àgbà rọra dé.

Ilé ìwé tó ti pẹ́ ni èmi fara mọ́. 1913 ni wọ́n dá Ijebu Ode Grammar School sílẹ̀, bàbá mi jáde níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì dán lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi kú.

Tíṣà Tó Fẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́:

Bàbá Ṣọlá, ọdún tí bàbá yín jáde, àwọn tíṣà tó kọ́ wọn ti sùn. Orúkọ ilé ìwé kì í wọ kíláàsì lọ mú ṣọ́ọ̀kì.

Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin ti rí i kí n tó sọ ọ́. Ìbéèrè tí ẹ bi wọn yẹn, ọ̀pọ̀ òbí tó kàwé kò bi í rí. Àwọn kan ń lé ọmọ tí kò yára kúrò kó tó dé SS3, àwọn mìíràn ń kó wọn lọ sí mírákù sẹ́ńtà, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìdáhùn fún ọmọ nínú ìdánwò. Krédíìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò á pé, ọmọ kò sì ní lè yanjú ìṣirò kan ṣoṣo ní yunifásítì.

Ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣe rèé. Ẹ yá ìwé nóòtù ọmọ JSS3 méjì nílé ìwé kan náà, ọ̀kan tó ń mú ipò kìíní, ọ̀kan tó ń mú ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ má da ara yín láàmú lórí ti ẹni àkọ́kọ́, kò síbi tí kò ti ní kún. Ti èkejì ni kí ẹ ṣí. Níbi tó ti ṣì í, ṣé tíṣà fi bíírò pupa kọ bó ṣe yẹ kó jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àbí ó kàn fa X gàgàrà? Ṣé ọmọ náà tún un ṣe, tí tíṣà sì tún padà wò ó? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì rí ohun mìíràn tó ń tú àṣírí ilé ìwé tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti Mayflower, Tai Solarin dá a sílẹ̀ ní 1956, ọmọ ń kàwé, ọmọ ń roko. Àwọn kan rò pé oko yẹn ìfìyàjẹni ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò yára nídìí ìwé máa ń rí ibì kan tí òun náà ti ṣáájú.

Ọmọ Ìpẹru ní Bronx:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ìjà yìí náà là ń jà níbí ní New York. Ìjọba ló ni àwọn ilé ìwé girama bíi Stuyvesant, Bronx Science àti Brooklyn Tech, kò sówó sísan, ṣùgbọ́n ìdánwò kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní SHSAT ni wọ́n fi ń ṣa ọmọ. Ilé ìwé tí wọ́n ń pè ní charter yàtọ̀. Owó ìjọba ló ń gbà, ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ló ń darí rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fi ìdánwò ṣa ọmọ. Bí ọmọ bá ti pọ̀ ju àyè lọ, gègé ni wọ́n ń ṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Minnesota ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní 1991, ó dé New York ní 1998.

Àwọn olùwádìí kan, Joshua Angrist tó wà lára àwọn tó gba Nobel ní 2021 wà nínú wọn, fi ọmọ tó fi díẹ̀ kọjá máàkì tí wọ́n fi ń wọ irú ilé ìwé oní-ìdánwò bẹ́ẹ̀ wéra pẹ̀lú èyí tó fi díẹ̀ kùnà, ní Boston àti níbí. Nígbà tó yá, máàkì wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn charter kan ní Boston ńkọ́? Ọmọ tí gègé mú lọ síwájú ọmọ tí kò mú, pàápàá nínú ìṣirò. Nítorí náà, bí Kẹ́hìndé bá gba 130, ẹ má sunkún.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá Tíṣà, mo ti yá nóòtù mẹ́rin ládùúgbò. N kò ní dárúkọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n nínú ọ̀kan, X mọ́kàndínlógún ni mo kà, kò sí ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú òmíràn, tíṣà kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Wá rí mi lẹ́yìn oúnjẹ.” Màmá ọmọ náà ní lóòótọ́ ló máa ń lọ.

Àwọn méjèèjì á jókòó ṣe Common Entrance. Mo ti sọ fún bàbá wọn pé tí mo bá tajà tán lọ́jọ́bọ̀, mo fẹ́ dé Ìkẹ́nnẹ́ àti Òdógbólú fúnra mi. Kẹ́hìndé gbọ́ ọ, ó ní kí n bá òun béèrè bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn bi tíṣà ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè gbànja.