Ẹ wá sọ ìrírí yín: báwo lẹ ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré láti mú kókó àyọkà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Pírámárì 4 ni mò ń kọ́ ní Abẹ́òkúta níbí. Bí ẹ bá ní kí àwọn ọmọ mi sọ kókó àyọkà, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni wọ́n máa dà kọ fún yín. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ohun tó bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù ni.

Mo wá kọ àyọkà kan sójú pátákó nípa àdìrẹ: àwọn kan ń fi ìko di aṣọ, àwọn kan ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i lára, àwọn mìíràn ń fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi kókó rẹ̀ sílẹ̀ láìkọ.

"Kí ni wọ́n ń sọ níbí?"

"Àdìrẹ!" Gbogbo kíláàsì.

"Kí ni wọ́n wá sọ nípa rẹ̀?"

Kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀kan ní ìyẹ́ adìẹ ni. (Ìyẹ́ yẹn wù ú, ẹ má dá a lẹ́bi.) Mo ní kí wọ́n wá ohun kan ṣoṣo tí ìko, ẹ̀kọ àti abẹ́rẹ́ jọ ń ṣe. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ àgbà ń tajà ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta níbí, ló nawọ́: "Àǹtí, wọn ò fẹ́ kí aró wọ ibẹ̀ ni." Ó parí! Ibi tí aró ò bá wọ ni àrà ti ń yọ. Látìgbà náà, ìbéèrè mi ò ju ọ̀kan lọ: kí ni gbogbo gbólóhùn yìí jọ ń tì lẹ́yìn?

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. JSS 1 ni tèmi, nọ́ńbà ló ń dà wá láàmú. A ka àyọkà lórí Òkè Olúmọ: bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá fún ogun débẹ̀ ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú wọn, tí ihò àpáta fi di ibi ìsádi. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kọ? "1830." Lójú tèmi, ìdánwò ló fà á, a ti kọ́ wọn pé ibi tí nọ́ńbà bá wà ni máàkì wà. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ bo 1830, kí wọ́n tún un kà. Ìtàn náà ṣì dúró. Mo ní ó yá, ẹ bo ibi tó ti ní àpáta gbà wọ́n lọ́wọ́ ogun. Ló bá ku orúkọ àti déètì lásán. Ní báyìí, wọ́n ti ń fọwọ́ bo ìwé sáyẹ́ǹsì náà, olùkọ́ wọn níbẹ̀ sì ti ní kí n wá ṣàlàyé ohun tí mo fi ń kọ́ wọn.