Ìjọba ní àwọn ti gbé dátà síta, àmọ́ fọ́tò inú PDF ni gbogbo ẹ̀. Ṣé ìyẹn tó?

Abíkẹ́_Oníròyìn:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mò ń kọ ìròyìn lórí owó tí ìjọba ń ná sórí iléèwé, mo wá lọ sórí wẹ́búsáìtì iléeṣẹ́ ìjọba kan, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn ti wà níta fún aráàlú, inú mi dùn gan-an, àfi ìgbà tí mo ṣí fáìlì náà tí mo rí i pé ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ ni wọ́n tún ya fọ́tò ẹ̀ sínú PDF, òǹtẹ̀ tiẹ̀ bo nọ́ńbà kan mọ́lẹ̀. Kò ṣeé kọ́pì. Mo lo sọ́fítíwíà tó ń ka ọ̀rọ̀ inú fọ́tò, ó ń sọ 8 di B, ó ń sọ 0 di lẹ́tà O, nígbà tí mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, iye tó jáde ò bá èyí tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ mu rárá. Mo ní kí wọ́n fún mi ní fáìlì tí wọ́n fi ṣe é, wọ́n ní èyí tó wà níta ti tó. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n bi wọ́n?

Baba_Ìṣirò:
Kò tó o. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, láti oṣù Kejìlá ọdún 2007 ni àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ti pàdé ní Sebastopol ní California tí wọ́n kọ ìlànà 8 sílẹ̀ fún dátà ìjọba, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì ni pé kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lè kà á. Kí èèyàn fi ojú wò ó nìkan kọ́. Fọ́tò táblì ò ṣeé rò pọ̀, kò ṣeé tò, ẹ ò lè fi ti ọdún yìí wé ti èṣí. Ó dà bí ẹni gbé oúnjẹ fún èèyàn tó tún dì í lẹ́nu. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé kò sí bí wọ́n ṣe máa tẹ táblì yẹn tí kò ní ti wà nínú Excel, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe táblì, tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ṣe kún iṣẹ́ kó tó di pé ó bàjẹ́.

Ṣàǹgbádé:
Mo gbà pẹ̀lú Baba, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká bú wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Tim Berners-Lee, ẹni tó dá Web sílẹ̀, ní òṣùwọ̀n ìràwọ̀ márùn-ún fún irú dátà yìí, PDF náà ń gba ìràwọ̀ kan níbẹ̀, tí lísẹ́ǹsì tó gba gbogbo èèyàn láyè láti lò ó bá wà lórí ẹ̀. Excel gba méjì, CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n fi kómà pín nǹkan inú táblì, gba mẹ́ta torí kò pọn dandan kéèyàn ra sọ́fítíwíà ẹnikẹ́ni kó tó ṣí i. Abíkẹ́, ṣé ẹ rí lísẹ́ǹsì kankan lójú ewé yẹn?

Abíkẹ́_Oníròyìn:
Kò sí o. “All rights reserved” ni wọ́n kọ sísàlẹ̀, ìyẹn ni pé àwọn nìkan ló ni gbogbo ẹ̀tọ́.

Ṣàǹgbádé:
Háà! Ìràwọ̀ kan náà ò tọ́ sí wọn nìyẹn.

Ìyá_Àkọsílẹ̀:
Mo ti ṣiṣẹ́ ọba rí, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú ilé. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ọ̀gá ò fẹ́ kẹ́nì kan rí àṣìṣe nínú ìṣirò, fọ́tò sì máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù kan wà tó tọ́. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ìjọba gbé àkọsílẹ̀ ìlera àwọn òṣìṣẹ́ síta fáwọn olùwádìí, wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n fi ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo àti nọ́ńbà àdúgbò sílẹ̀, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Latanya Sweeney, fi í wé ìwé orúkọ olùdìbò, ó sì fa ti gómìnà wọn nígbà náà, William Weld, jáde. Torí náà, dátà tó kan ara èèyàn gba ìṣọ́ra gidi. Àmọ́ owó iléèwé ò kan àìsàn ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má fi ìyẹn ṣe àwáwí fún un yín.

Baba_Ìṣirò:
Ẹ ṣeun Ìyá wa. Ẹ tún rántí Landsat, àwòrán ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà ń yà, wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ olùwádìí ò lágbára ẹ̀, ní 2008 wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, iye táwọn èèyàn ń gbà lọ́dún wá lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn tó ń ṣọ́ igbó tí wọ́n ń gé àtàwọn tó ń wo irè oko ló ń lò ó báyìí, àwòrán kan náà tó ti wà nílẹ̀ tí owó ò jẹ́ kọ́wọ́ wọn tó ni.

Abíkẹ́, ẹ fi òfin òmìnira ìròyìn kọ lẹ́tà tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ má kọ “ẹ fún mi ní dátà”, ẹ dárúkọ táblì, ẹ dárúkọ ọdún, ẹ ní CSV tàbí Excel lẹ fẹ́, ẹ bi wọ́n ní ìtumọ̀ òpó (column) kọ̀ọ̀kan nínú táblì náà, torí “owó tí a yà sọ́tọ̀” àti “owó tí a ná” kì í ṣe nǹkan kan náà.

Abíkẹ́_Oníròyìn:
Hẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn ni mi ò tiẹ̀ rò! Òpó tí mo rò pọ̀ yẹn, “iye” lásán ni wọ́n kọ sórí ẹ̀. Mo máa bi wọ́n níyẹn àti lísẹ́ǹsì pọ̀ nínú lẹ́tà kan náà, tí wọ́n bá fèsì màá gbé e wá síbí.